Kí Ni Saj'? Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá Tí Kì í Ṣe Ewì, Tí Kì í sì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Geere Lásán

Bí ènìyàn bá jókòó sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí lémọ́ọ̀mù sì bẹ̀rẹ̀ kùtúbà ní èdè Lárúbáwá lórí mínbárì, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣàkíyèsí pé àwọn gbólóhùn náà ń parí sí ìró kan náà: méjì tàbí mẹ́ta á jọra, ìró á yí padà, méjì mìíràn á tún jọra. Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá lè rò pé Àlùkùránì ni lémọ́ọ̀mù ń ké. Ẹni tó gbọ́ díẹ̀ lè sọ pé ewì ni. Àwọn méjèèjì ló ṣì í, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ohun tí wọ́n gbọ́ yẹn kò ní orúkọ tó gbajúmọ̀ ní èdè tiwa. Saj' ni àwọn Lárúbáwá ń pè é.

Saj' ti wà kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé, ó sì ti gba ọwọ́ onírúurú ènìyàn kọjá: adábigba, oníwàásù, akọ̀wé ọba àti òǹkọ̀wé ìtàn. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé máa fi ọkàn bá lọ ni pé ní gbogbo ọwọ́ tó gbà kọjá yìí, àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kò gbàgbé pé ìró tó dùn létí ní agbára lórí ọkàn, agbára náà gan-an ni wọ́n sì ń jiyàn lé lórí.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ewì, ọ̀rọ̀ geere àti saj'?

Ọ̀rọ̀ geere ni èyí tí a ń sọ lójoojúmọ́, tí a fi ń kọ lẹ́tà, tí a fi ń ròyìn. Ewì Lárúbáwá àtijọ́ ní tirẹ̀ ní òfin méjì tó le. Èkíní ni ìwọ̀n, ìyẹn ni pé a ti là á sílẹ̀ bí sílébù gígùn àti kúkúrú ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀léra nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni pé gbogbo ìlà, ì báà tó ọgọ́rùn-ún, gbọ́dọ̀ parí sí ìró kan ṣoṣo. Al-Khalil ibn Ahmad, ọ̀mọ̀wé ìlú Basra ní Iraq ní ọ̀rúndún kẹjọ, ló to àwọn ìwọ̀n náà sí 15, wọ́n sì fi ìkẹrìndínlógún kún un lẹ́yìn rẹ̀.

Saj' kò mú òfin ìwọ̀n rárá, ìdajì òfin ìró ìparí ló sì mú. Òpin gbólóhùn rẹ̀ máa ń jọra, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ìró kan gbé e dé ìparí. Lẹ́yìn gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, òǹkọ̀wé lè mú ìró mìíràn. Ẹ wo obìnrin tó ń gún iyán. Ó lè gbé ọmọ odó sókè gan-an lẹ́ẹ̀kan, kó má gbé e ga tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ ìdí odó kan náà ló ń bọ́ sí, ìró kan náà ló sì ń dún. Bí ọmọ odó ṣe ga tó ni gbólóhùn ṣe gùn tó. Ìdún inú odó sì ni ìró ìparí.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ níbí pé etí Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ìró ìparí kiri. Nínú ewì tiwa, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwítúnwí ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ìdí nìyí tí adùn saj' fi ń wọ̀ wá lára láì jẹ́ pé a mọ ohun tó mú un dùn.

Àpẹẹrẹ kan tó lókìkí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Quss ibn Sa'ida sọ fún àwọn èrò ọjà Ukaz, ní agbègbè Mẹ́kà, ṣáájú Ìsìláàmù: *man 'asha mat, wa man mata fat, wa kullu ma huwa atin at*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá wà láàyè yóò kú, ẹni tó bá kú ti kọjá lọ, gbogbo ohun tó sì ń bọ̀ kò ní ṣàì dé. *Mat, fat, at.* Bí a bá pè wọ́n ní kíkún gẹ́gẹ́ bí gírámà ṣe là á sílẹ̀, *mata, fata* àti *atin* ni wọn ì bá jẹ́, ẹ̀kẹta kò sì ní bá méjì àkọ́kọ́ mu mọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú kíké Lárúbáwá pé bí ènìyàn bá dánu dúró lópin gbólóhùn, ìró kékeré tó gbẹ̀yìn á já bọ́. Ìdánudúró yẹn ló bí ìró ìparí. Ẹni tó bá fi ojú nìkan ka saj' lójú ìwé kò tíì gbọ́ ọ. Àfi kó kà á sókè, kó sì dúró níbi tó yẹ.

Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá so orúkọ náà mọ́ igbe àdàbà, tó máa ń tún ìró kan náà pa.

Kí ló dé tí wọ́n fi kọ́kọ́ fura sí i?

Ṣáájú Ìsìláàmù, àwọn tí a mọ̀ mọ saj' jù lọ ni àwọn tí Lárúbáwá ń pè ní *kahin*, tí àwa ń pè ní adábigba. Wọ́n ń sọ pé àlùjọ̀nnú ń bá àwọn sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì ń tọ̀ wọ́n lọ láti mọ ibi tí ohun tó sọnù wà, láti gba ìdájọ́, àti láti mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Àwọn adábigba yìí kì í fún ènìyàn lésì bí a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀. Wọn á fi ọ̀run àti ilẹ̀, òru àti ọ̀sán búra, wọn á sì to gbólóhùn kéékèèké tó jọra ní òpin lé e lórí. Ìró yẹn gan-an ni ẹ̀rí wọn, nítorí pé ẹni tó gbọ́ ọ á gbà pé ọ̀rọ̀ tó rí báyìí kò lè ti ọkàn ènìyàn lásán wá.

Hádíìsì kan, ìyẹn ìròyìn ohun tí Ànábì sọ tàbí ṣe, tí àwọn akójọ hádíìsì méjì, Bukhari àti Muslim, gbà wá fi ewu tó wà níbẹ̀ hàn. Obìnrin méjì nínú ẹ̀yà Hudhayl jà, ọ̀kan sọ òkúta lu èkejì, oyún inú rẹ̀ sì kú. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó dájọ́ pé kí wọ́n fi ẹrú kan san ìtánràn oyún náà. Ọkùnrin kan ní ìhà àwọn tí yóò san án wá dìde, ó ní: báwo ni èmi yóò ṣe san gbèsè ẹni tí kò mu, tí kò sì jẹ, tí kò fọhùn, tí kò sì ké? Ó ní irú èyí, ṣe là ń fojú fò ó. Ní Lárúbáwá, *akal, istahall, yutall* ni àwọn gbólóhùn rẹ̀ ń bọ́ sí. Ànábì dáhùn pé ara àwọn arákùnrin adábigba ni ọkùnrin yìí, ẹni tó gba hádíìsì náà wá sì ṣàlàyé pé nítorí saj' tó fi sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe dáadáa. Kò mú ẹlẹ́rìí kankan wá, kò sì jiyàn pé òkúta kò ba obìnrin náà. Ó kàn to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tẹ̀léra, ó fi ìró ìparí dè wọ́n, débi pé ìgbà tí ìró kẹ́yìn dún, ó dà bíi pé ẹjọ́ ti parí, pé ẹ̀tọ́ ìyá tó pàdánù ọmọ ti di asán. Lójú tèmi, kò sí àlàyé tó dára ju èyí lọ lórí ìdí tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ fi ṣọ́ra fún saj'.

Àwọn onímọ̀ kò pa ohùn pọ̀ lórí ẹjọ́ yìí. Àwọn kan ní gbogbo saj' ni hádíìsì náà bá wí. Àwọn mìíràn ní èyí tí a fi ń jà fún irọ́ nìkan ni. Al-Jahiz, òǹkọ̀wé ìlú Basra tó kú ní 868, mú èrò kan wá nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísọ, pé nítorí pé àwọn adábigba ṣì wà nítòsí, tí ìgbà àìmọ̀kan kò sì tíì jìnnà, ni wọ́n fi kọ̀ ọ́. Nígbà tí ìdí náà kò sí mọ́, ìkọ̀sílẹ̀ náà kò sí mọ́.

Ṣé saj' ni Àlùkùránì?

Ibí ni àríyànjiyàn ti máa ń gbóná jù. Gbogbo ọmọ ilé-kéú ló mọ súrà Kawthar: *al-kawthar, wanhar, al-abtar*. Ìró ìparí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu, ó sì ń dún ketekete. Síbẹ̀, Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sọ ní súrà 69, áyà 41 àti 42, pé òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ akéwì, òun kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ adábigba.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà kí a pe òpin àwọn áyà ní saj'. *Fasila* ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ohun tó ń ya áyà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Al-Baqillani, tó kú ní 1013, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn jù: nínú saj', ìtumọ̀ ló ń tẹ̀lé ìró, nítorí pé òǹkọ̀wé á kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó bá ìparí mu, á sì tún èrò rẹ̀ ṣe kó lè bá ọ̀rọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n nínú Àlùkùránì, ìró ló ń tẹ̀lé ìtumọ̀. Àwọn mìíràn, bíi Diya al-Din Ibn al-Athir tó kú ní 1239, rò pé kò sí àbùkù nínú pípe apá kan Àlùkùránì ní saj', nítorí pé saj' àwọn adábigba nìkan ni Ànábì bá wí. Ẹni tó bá bá àwọn méjì tó ń jiyàn lórí èyí pàdé, kí ó mọ̀ pé ìhà méjèèjì gbà pé ìró náà wà níbẹ̀. Orúkọ tó yẹ kí a pè é ni wọ́n ń jà lé lórí.

Báwo ló ṣe wọ ọ́fíìsì ọba?

Nígbà tí ìjọba àwọn Mùsùlùmí gbòòrò, lẹ́tà di ohun èlò ìjọba. Abd al-Hamid, akọ̀wé ìdílé Umayya tó ń jọba nígbà náà, tó kú ní 750, ni wọ́n kà sí baba gbogbo akọ̀wé Lárúbáwá, ṣùgbọ́n kì í ṣe saj' ló fi ń kọ̀wé. Ìbejì gbólóhùn ni òun àti al-Jahiz fẹ́ràn: gbólóhùn méjì tí ètò wọn dọ́gba, láì jẹ́ pé ìró ìparí wọn jọra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó rántí òwe wa: àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́, baálé kú, ilé di ahoro.

Ọ̀rúndún kẹwàá ni saj' tó gba àyè náà pátápátá. Lẹ́tà ìjọba kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá kà ní kọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń kà á sókè níwájú àwọn ìjòyè, akọ̀wé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì dún ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbé ga. Ibn al-'Amid, igbákejì ọba ní ìlú Rayy ní Iran, tó kú ní 970, di àwòkọ́ṣe, títí wọ́n fi ń sọ pé iṣẹ́ akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ 'Abd al-Hamid, ó sì parí sọ́dọ̀ Ibn al-'Amid. (Saj' ni ọ̀rọ̀ ìyìn yìí náà: *Hamid, 'Amid*.) Ní ìlú Aleppo, Ibn Nubata, tó kú ní 984, ń fi saj' kọ kùtúbà tó ń ru àwọn ènìyàn sókè fún ogun, àwọn oníwàásù sì ń ka kùtúbà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ohun tí a ń gbọ́ lórí mínbárì lónìí gbà wá.

Ẹni tó wá di igbákejì ọba ní Rayy lẹ́yìn ìgbà Ibn al-'Amid ni Sahib ibn 'Abbad, tó kú ní 995. Ó nífẹ̀ẹ́ saj' débi pé ìtàn kan wà tí àwọn Lárúbáwá kì í yéé sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó kọ̀wé sí adájọ́ ìlú Qumm pé: *ayyuha l-qadi bi-Qumm, qad 'azalnaka fa-qum*, ìwọ adájọ́ tó wà ní Qumm, a ti yọ ọ́ nípò, dìde. Orúkọ ìlú náà ni *Qumm*. *Qum* sì ni «dìde». Adájọ́ náà ní kò sí ohun tó yọ òun nípò bí kò ṣe saj' yìí. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni o, bóyá àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló hun ún, ìtàn náà kò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin Hudhayl: ìró ìparí tún ti dájọ́ kan tí òtítọ́ kò dá.

Ibn al-Athir tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan là á sílẹ̀ bí saj' ṣe ń dára. Kí gbólóhùn kejì dọ́gba pẹ̀lú èkíní, tàbí kó gùn jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kúrú jù ú lọ, nítorí pé etí ti ń retí ibi kan, yóò sì dà bí ẹni tó fẹ́ dé ibi tó ń lọ tó wá kọsẹ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Kí ni maqama?

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà láàfin Sahib tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ al-Hamadhani, tí wọ́n bí ní 968, tó sì kú ní Herat ní 1008. Òun ló gba saj' lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé, tó fi sọ ìtàn. Irú ìtàn tó dá sílẹ̀ yìí ni *maqama*, ọ̀rọ̀ tó wá láti ara ìdúró: ibi tí ènìyàn ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Ó kúrú, asọ̀tàn kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́, Isa ibn Hisham, ẹ̀dá ìtàn tó sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Abu al-Fath al-Iskandari, alágbe tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tó ń fi ẹnu dídùn gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti ọbẹ̀ *madira*, ẹran tí wọ́n sè pẹ̀lú wàrà kíkan. Níbi àsè kan ní Basra, Abu al-Fath kọ̀ láti jẹ ọbẹ̀ náà, ó sì ṣàlàyé ìdí. Oníṣòwò kan ní Baghdad ti pè é wá jẹ ẹ́ rí. Láti ojú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀: ó yin ìyàwó rẹ̀, ó yin àdúgbò, ó yin ilẹ̀kùn ilé, wọ́n wọlé, ó yin agbada ìfọwọ́, ó yin kẹ́tùlù, ó yin omi inú rẹ̀, ó yin aṣọ ìnuwọ́, ó yin tábìlì, ó ń sọ ibi tí ó ti rà wọ́n àti bó ṣe rà wọ́n. Ọbẹ̀ kò dé. Nígbà tí Abu al-Fath sá jáde, oníṣòwò náà ń lé e, ó ń pariwo *madira, madira*, àwọn ọmọdé àdúgbò sì rò pé orúkọ ìnagijẹ àlejò náà ni, wọ́n bá ń kígbe lé e. Ó sọ òkúta sí ọ̀kan nínú wọn, òkúta ba orí ẹlòmíràn, ó sì fi ọdún méjì jìyà lẹ́wọ̀n. Ẹni tó ń fi ẹnu mú gbogbo ayé ló bọ́ sọ́wọ́ ẹnu tó ju tirẹ̀ lọ.

Kí ni al-Hariri fi kún un?

Al-Hariri ti Basra (1054 sí 1122) kọ maqama 50, ìwé náà sì gbajúmọ̀ ju ti al-Hamadhani lọ. Wọ́n ní ó fi ọwọ́ sí ẹ̀dà 700 fúnra rẹ̀. Ní 1237, al-Wasiti ya àwòrán aláràbarà sínú ẹ̀dà kan tó wà ní ilé-ìkàwé ìjọba ní Paris lónìí.

Ẹ gbọ́ bí maqama rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀: *lamma qta'adtu ghariba l-ightirab, wa an'atni l-matrabatu 'ani l-atrab, tawwahat bi tawa'ihu z-zaman, ila San'a'i l-Yaman*. Asọ̀tàn ń sọ pé nígbà tí òun gun ẹ̀yìn ìrìn àjò, tí òṣì mú òun jìnnà sí ẹgbẹ́ òun, ìgbà gbé òun jù sí San'a ní Yemen. *Ightirab* bá *atrab* lọ. Ìró wá yí, *zaman* bá *Yaman* lọ. Nínú gbólóhùn kejì, *matraba*, òṣì, àti *atrab*, ẹgbẹ́, jọ ní kọ́ńsónáǹtì kan náà, bíi pé inú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gan-an ni òṣì ti yọ jáde.

Ní San'a yìí, ó rí ọkùnrin kan tó ń wàásù nípa ikú láàárín èrò. Àwọn ènìyàn ń sunkún, wọ́n ń kó owó fún un. Asọ̀tàn yọ́ tẹ̀lé oníwàásù náà títí dé inú ihò kan, ó bá a níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú *khubzin samidh, wa jadyin hanidh*, àti ìkòkò *nabidh*: búrẹ́dì funfun, ọmọ ewúrẹ́ yíyan, àti ọtí. *Samidh, hanidh, nabidh.* Ìró ìparí tó mú àwọn èèyàn sunkún láàárín èrò náà ló wá tú àṣírí rẹ̀ nínú ihò. Abu Zayd ti Saruj ni oníwàásù yẹn, òun ló sì ń padà yọ nínú àwọn ìtàn tó tẹ̀lé e. Èyí ni mo fi gbà pé ẹni tó bá ní eré ọ̀rọ̀ lásán ni maqama kò kà á dáadáa. Al-Hariri gbé ìfura àtijọ́ yẹn wọ inú ìtàn: ó jẹ́ kí adùn saj' mú wa, ó sì fi ohun tí adùn náà lè bò mọ́lẹ̀ hàn wá.

Eré náà pọ̀ níbẹ̀ o. Lẹ́tà kan wà nínú maqama kẹfà tí gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì inú ọ̀rọ̀ kan ní àmì tó-ń-tò lórí tàbí nísàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kò sì ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe nira tó, kó gbìyànjú láti kọ lẹ́tà Yorùbá tí ọ̀rọ̀ kan máa jẹ́ kìkì ẹ, ọ àti ṣ, tí èyí tó kàn kò sì ní gbà wọ́n wọlé rárá.

Níbo ló tàn dé, kí ló sì kù lónìí?

Al-Saraqusti kọ maqama 50 tirẹ̀ ní Andalus, ilẹ̀ Sípéènì ìgbà àwọn Mùsùlùmí. Al-Harizi túmọ̀ ti al-Hariri sí Hébérù, ó sì kọ ti ara rẹ̀ ní èdè náà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló dùn mọ́. Ibn Khaldun, òǹkọ̀wé ìtàn tó kú ní 1406, kò fara mọ́ bí àwọn akọ̀wé ìgbà rẹ̀ ṣe ń fi saj' kọ lẹ́tà ìjọba, èyí tó yẹ kó lọ tààrà. Nígbà tí ìwé ìròyìn dé Íjíbítì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀rọ̀ geere tó lọ tààrà borí, ṣùgbọ́n ní 1898 al-Muwaylihi tún jí Isa ibn Hisham dìde nínú ìwé ìròyìn Cairo, ó mú un rìn láàárín àwọn ọlọ́pàá àti lọ́yà ìgbà tuntun.

Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn àáfà àgbà ní Ìlọrin fi maqama al-Hariri kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ti gòkè, nítorí pé ẹni tó bá là á já ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àṣà fífi saj' sọ ìwé lórúkọ náà kò parẹ́ láàárín wọn. Shaykh Adam Abdullah al-Ilori (1917 sí 1992), tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá Markaz sílẹ̀, èyí tó wà ní Agége, kọ ìwé kan lórí lítíréṣọ̀ Lárúbáwá ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì pè é ní *Misbah al-dirasat al-adabiyya, fi l-diyar al-Nayjiriyya*. Ẹ kà á sókè, kí ẹ dánu dúró níbi tí ó pín sí: *adabiyya, Nayjiriyya*. Orúkọ Nàìjíríà ló di ìró ìparí.